Ẹ Bi Mí: Àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú n'Adó, ṣé ká kó lọ?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé ló gba gbogbo ẹ̀ kan, àfi bíi pé àwọn lánlọ́ọ̀dù Adó jọ ṣèpàdé pé ọjọ́ kan náà làwọn máa fowó kún owó ilé. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa dúró lé jù torí pé nǹkan tó wà níbẹ̀ náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àyè ò gbà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdébáyọ̀ là ń gbé, fúláàtì onírúùmù méjì, 600,000 là ń san lọ́dún, lánlọ́ọ̀dù wá ní òun máa fi kún un. EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, èmi wà ní Poly, ọmọ mẹ́ta la ní. Éjẹ́ǹtì kan mú wa lọ wo ilé kan lójú ọ̀nà Afao, inú lọ́hùn-ún, ilé tuntun onírúùmù mẹ́ta, 400,000. Ilé yẹn wù mí, mi ò ní purọ́, táìsì ni wọ́n fi ṣe gbogbo ilẹ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọlọ́dà ti tán tipẹ́ ká tó débẹ̀, ọ̀kadà 300 náírà ni láti títì dé ẹnu géètì. Éjẹ́ǹtì ní kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ á fi dà bíi GRA. Ọkọ mi ti ṣe tán àtisanwó, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ká lọ ni àbí ká wá ibòmíì? Ibo ló tiẹ̀ ń dàgbà n'Adó báyìí?
— Ìyá Ìbejì, Àdébáyọ̀, Adó-Èkìtì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú. Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín kó ṣì mú sùúrù, kó má tíì sanwó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Owó ilé ibẹ̀ fi 200,000 dín sí tibi tẹ́ ẹ wà, ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì á máa jáde láràárọ̀, ẹ á máa padà nírọ̀lẹ́, ọ̀kadà 300 lẹ́ẹ̀mejì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 1,200 nìyẹn lójúmọ́. Ká ní ọjọ́ iṣẹ́ 22 ló wà nínú oṣù, 26,400 nìyẹn. Tó bá di ọdún kan, 316,800. A ò tíì ka tàwọn ọmọ o, a ò tíì ka Sátidé tẹ́ ẹ máa lọ Ọjà Ọba àti Sunday tẹ́ ẹ máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a ò sì tíì ka ọjọ́ òjò tí ọlọ́kadà á ní ẹrẹ̀ ti pọ̀, 500 ni òun máa gbà, tí ojú ò sì ní tì í torí ó mọ̀ pé ẹ ò lè fẹsẹ̀ rìn ín. Láti títì wọlé nìkan nìyẹn, owó ọkọ̀ láti títì dé ibi iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Ẹ rí i báyìí pé 200,000 tẹ́ ẹ rò pé ẹ jẹ lérè, ọlọ́kadà ti gbà á, ó tún ti gba 116,800 lé e. Tẹ́ ẹ bá sì ní mọ́tò, ẹ lọ bi mẹkáníìkì yín iye tí wọ́n ń ta ṣọ́ọ̀kì báyìí.

Nǹkan tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú nìyẹn. Owó ilé nìkan léjẹ́ǹtì máa ń dárúkọ, ìyókù, ẹ ó máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọlọ́kadà, fún ẹni tó ń ta omi, fún elépo gẹ́ẹ̀nì, ẹ ò ní mọ̀ pé owó ilé lẹ̀ ń san. Èyí tó tún burú jù ni pé ayálégbé ni yín. Ká ní òótọ́ ni éjẹ́ǹtì sọ, ká ní ibẹ̀ dà bíi GRA lóòótọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n dá ọ̀dà sí i, iná dúró, ẹ rò pé 400,000 ni lánlọ́ọ̀dù yẹn á ṣì máa gbà? Ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹrẹ̀ ẹ̀, òun ló máa jẹ ọ̀dà ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé tirẹ̀ síbi tí ìlú ń bọ̀, mo gbà fún un, ìyà tó jẹ lónìí, ilé ẹ̀ ló ń gbówó lórí lọ́la. Ayálégbé, ibi tí ìlú ti dé ni kó lọ, tàbí etí ẹ̀, ibi tí ìyókù ò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo ní kẹ́ ẹ má kúrò l'Ádébáyọ̀ o. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ máa wò.

Omi ló ṣìkejì. Orí àpáta ni Adó jókòó sí, ẹni tó bá gbójú sókè wo Òkè Ayọ̀ba tí Gáfúmẹ́ǹtì Háòsì wà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kànga ilé wa, omi òjò tó rì sínú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta yẹn ló ń gbé e ró, ibi tí ilẹ̀ rírọ̀ ọ̀hún ò bá ti jìn, tó bá fi máa di February sí March, omi ti tán, ẹrẹ̀ lásán ni dọ́ọ̀rọ̀ á máa gbé bọ̀. Torí náà kànga tó kún dẹ́nu lóṣù kẹsàn-án ò jẹ́rìí nǹkan kan. Borehole náà ò yàtọ̀ púpọ̀, àpáta kan náà ni, ibi tí àpáta ti sán lomi ń gbà, wọ́n lè gbẹ́ méjì sínú ọgbà kan kí ọ̀kan máa tú yàà kí èkejì má yọ nǹkan kan. Ẹ má bi éjẹ́ǹtì bóyá omi wà, òun á ní ó wà. Aládùúgbò ni kẹ́ ẹ bi, ìbéèrè ẹ̀ sì ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, oṣù wo lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi?" Tó bá ní àwọn kì í rà rárá, ẹ yọ́jú wo ẹ̀yìnkùlé ẹ̀. Ẹni tí kì í ra omi kì í to kẹ́ẹ̀gì bíi mẹ́wàá sára ògiri.

Lẹ́yìn omi tí à ń mu, omi tó ń gbé nǹkan lọ. Ìgbà tó yẹ kéèyàn lọ wo ilé n'Adó ni ọ̀la òjò ńlá. Kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ọ̀nà dán bí ọ̀nà ọ̀run. Ẹ wọ bàtà tí kò dùn yín, kẹ́ ẹ rìn ín láti títì dé ilé. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì àti ara ilé tí wọn ò tíì rẹ́, ẹ máa rí ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó lọ gbọọrọ, ibi tí omi dé kẹ́yìn nìyẹn. Tí ìlà yẹn bá ti ga dé ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná máa ń wà, ẹ yí padà. Àwọn tó ti gbé létí omi Ajílòsun rí ò nílò kí n ṣàlàyé èyí. Ilé tuntun léwu díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí torí pé ọ̀dà tuntun ti bo ìlà mọ́lẹ̀, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa sọ òótọ́. Àti pé tẹ́ ẹ bá rí i pé gbogbo àwọn tó kọ́lé lọ́wọ́ kan gbé ilé wọn sókè gan-an, tí wọ́n ń fi àtẹ̀gùn bíi márùn-ún wọlé, ẹ bi ara yín ìdí.

Iná ńkọ́? Láti April 2024 ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ band di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn: Band A, iná wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Band A ló wọ́n jù, lóṣù April yẹn, láti 68 náírà ni wọ́n ti gbé yúnìtì kan lọ sí 225. Nǹkan tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe àdúgbò ni wọ́n pín sí band, wáyà ńlá tó ń gbé iná bọ̀, tí wọ́n ń pè ní fídà, ni wọ́n pín. Ojúlé méjì tó kọjú síra lè wà lórí fídà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí tibí tàn kí tọ̀hún ṣú. Nítorí náà "àdúgbò yìí níná dáadáa" ò tó. Ẹ béèrè band mítà inú ilé yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá mítà tiẹ̀ wà. Ẹ tún béèrè ẹni tó ra trànsífọ́mà. Láwọn ibi tuntun, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ló sábà máa ń dáwó rà á, nígbà míì, kí wọ́n tó fa iná fún ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á ní kó san tirẹ̀, lánlọ́ọ̀dù á sì rọra tì í sọ́dọ̀ ayálégbé. Owó ọlọ́dẹ náà wà níbẹ̀, owó gíréédà tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka gbogbo ẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ó ku èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, kò sì náni ní nǹkan kan. Ẹ wo ẹni tó ń ta nǹkan níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò kékeré kì í tan ara wọn jẹ, ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìlọta síbì kan ti mọ̀ pé ìdílé tó ń se ọbẹ̀ lójoojúmọ́ pọ̀ níbẹ̀. Tí mo bá rí ẹ̀rọ ata, kẹ́míìsì kékeré kan, bábà tó ń gẹrun, àti obìnrin tó ń din àkàrà láàárọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé to síwájú ẹ̀, mo mọ̀ pé àdúgbò ti dé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé ńláńlá mẹ́rin ni mo rí tí géètì wọn tì, tí koríko sì ti bo ìdí géètì, àwọn tó wà ní Lagos àti London ló ni ín, Kérésì nìkan ni wọ́n ń wá, lálẹ́ ẹ̀yin àti ọlọ́dẹ lẹ máa jọ wà níbẹ̀. Ẹ padà lọ láago mẹ́jọ alẹ́ lọ wò ó. Tí ọlọ́kadà bá kọ̀ láti gbé yín wọlé nígbà yẹn, ó ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ẹ tún bèèrè pé ibo ló ń dàgbà. Gbogbo ojú ọ̀nà tó jáde n'Adó náà ló ń dàgbà, nǹkan tó ń fà wọ́n ni kò dọ́gba. Ọ̀nà Ìwòròkò, EKSU ló ń fà á. Láti Òpópógbóòrò lọ síwájú, self-contain àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ariwo ò wọ́n, ọjọ́ tí ASUU bá daṣẹ́ sílẹ̀ kó o wá wo bí ibẹ̀ ṣe máa dákẹ́ lọ. Ọ̀nà Ìjàn, Poly wà níbẹ̀, yunifásítì Afẹ́ Babalọlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 wà níwájú ẹ̀, pápákọ̀ òfurufú tí Fáyẹmí, gómìnà ìgbà náà, ṣí ní 2022 náà apá ibẹ̀ ló wà, torí náà owó ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbọ́ ìròyìn kí èèyàn tó dé. Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ dáa fún ẹni tó ń lọ Àkúrẹ́ nígbà gbogbo. Ọ̀nà Ìyìn dáa fún ẹni tó ń lọ Ìbàdàn, ká sòótọ́, ẹlòmíì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé inú Ìyìn gan-an ló yẹ kó gbé, kó máa wọ mọ́tò wá síbi iṣẹ́ n'Adó, ara ẹ̀ á balẹ̀ ju tẹni tó há sínú ẹrẹ̀ ní ẹ̀yìn Adó lọ.

Tiyín wá rèé. Poly wà lọ́nà Ìjàn, EKSU wà lọ́nà Ìwòròkò, ọ̀nà Afao ló bọ́ sáàárín. Ọkọ yín ò ṣìnà nígbà tó kọjú síbẹ̀, inú tó wọ̀ ló jìn jù. Ẹ sọ fún éjẹ́ǹtì pé ilé tí ọmọ yín àbíkẹ́yìn lè fẹsẹ̀ rìn jáde láti ibẹ̀ dé títì lẹ̀ ń wá, kódà kó jẹ́ rúùmù méjì, kí táìsì má sí ńlẹ̀ ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn gan-an, ẹ kọ́kọ́ lọ bá lánlọ́ọ̀dù Àdébáyọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè iye tó fẹ́ fi kún un, ẹ ò tiẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Tó bá jẹ́ 100,000 ló fẹ́ fi kún un, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀, ẹ ó rí i pé kíkó ẹrù, àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n éjẹ́ǹtì máa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ayálégbé tó ń sanwó déédéé ò pọ̀, lánlọ́ọ̀dù náà mọ̀, ẹ jẹ́ kọ́kọ yín rọra rán an létí.

Ẹ̀gbọ́n, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òkè òkun làwọn ọ̀gá mi wà, alẹ́ la máa ń ṣèpàdé. Mo fẹ́ kúrò n'Íkẹ́rẹ́ wá s'Adó. Àdúgbò wo ni nẹ́tíwọ̀kì ti dáa jù?
— Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́

Àbúrò, kò sí àdúgbò tó lè dáhùn èyí, rúùmù ló máa dáhùn ẹ̀. Mú síìmù oríṣi méjì dání, wọ inú rúùmù tó o fẹ́ gbà, ti ilẹ̀kùn, ti wíńdò, kó o fi fídíò pe èèyàn láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́ tí gbogbo ayé wà lórí fóònù. Adó kún fún òkè àti kòtò, máàsì, òpó nẹ́tíwọ̀kì, lè wà nítòsí kí òkè kan sì dínà mọ́ ẹ. Tó bá sì jẹ́ pé owó wà lọ́wọ́, Starlink ti wà ní Nàìjíríà láti January 2023, á gbà ẹ́ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ̀kì, kò ní gbà ẹ́ lọ́wọ́ NEPA, wàá ṣì ra sólà tàbí inverter sí i.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ẹ́ náà. Kí ni Adó fẹ́ ṣe fún ẹ? O ò lọ ọ́fíìsì, owó ilé Ìkẹ́rẹ́ rọjú ju ti Adó lọ, mọ́tò Adó sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọge ni, sọ ọ́ síta, ìyẹn náà jẹ́ ìdí, kó o kàn má fi nẹ́tíwọ̀kì bojú.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ti fẹ̀yìn tì, mo fẹ́ fi gratuity tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ra plot méjì n'Adó. Wọ́n fi ilẹ̀ kan hàn mí, wọ́n ní Ring Road, ọ̀nà tó máa yí ìlú ká, máa gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ mi tó wà ní Lagos ní kí n tètè rà á kó tó wọ́n. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
— Tíṣà Àgbà, Ìlawẹ̀-Èkìtì

Bàbá, ẹ kú oríire o, àwọn tó ṣì ń dúró de tiwọn pọ̀. Tiyín yàtọ̀ sí ti Ìyá Ìbejì lókè yẹn. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ lọ síbi tí ìlú ń bọ̀, torí pé tí ọ̀dà bá dé, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yín tó jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Wọ́n ní ọ̀nà máa "gba ibẹ̀ kọjá." Èyí tó gba iwájú ilé kọjá, ayọ̀ ni. Èyí tó bá fẹ́ gba pálọ̀ kọjá ńkọ́? Òfin ilẹ̀ 1978, èyí tí wọ́n ń pè ní Land Use Act, ló ń ṣàkóso owó gbà-má-bínú tí ìjọba bá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ilé tàbí irè oko tó wà lórí ilẹ̀ ni ìjọba máa ń díye lé dáadáa. Ilẹ̀ tó ṣófo fúnra ẹ̀, owó ilẹ̀ tẹ́ ẹ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni wọ́n á dá padà, bóyá ẹ ò tiẹ̀ san kankan. Ẹni tó ra ilẹ̀ tó ṣófo sójú ibi tí ọ̀nà máa gbà lè fọwọ́ lérán báyẹn. Apá ọ̀nà Ìjàn náà, ìjọba gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ fún pápákọ̀ òfurufú, torí náà kì í ṣe Ring Road nìkan ló ń lé èèyàn.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣe ò le. Ẹ wá sọfẹ́yọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Á lọ sórí ilẹ̀ yẹn, á gba nọ́ńbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀, á sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General láti wò ó lórí máàpù bóyá ìjọba ti fọwọ́ lé e tàbí ẹlòmíì ti ní survey lórí ẹ̀. Chart ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Owó tó máa ná yín kò tó nǹkan kan lára owó ilẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa yẹra fún un bí ẹni pé egbò ni, títí wọ́n á fi gbọ́ ohùn katapílà.

Ẹ tún bá mi bi wọ́n pé plot tí wọ́n ń wí, ẹsẹ̀ mélòó sí mélòó? Mo ti rí ibi tí 50 sí 100 ti jẹ́ plot, mo ti rí ibi tó jẹ́ 60 sí 120. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 5,000 ẹsẹ̀ níbùú lóròó, tìkejì jẹ́ 7,200. Lórí plot méjì, ìyàtọ̀ ẹ̀ jẹ́ 4,400, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù kó tó plot kékeré kan odidi. Ẹni tó ń ta plot kékeré lówó plot ńlá ò purọ́, ẹ̀yin ni ẹ ò béèrè.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn aṣáájú ojúlé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tí olórí ẹbí ò bá sí nínú ẹ̀, òfìfo ni títà yẹn lójú òfin. Tó bá sì jẹ́ òun nìkan ló tà á, àwọn yòókù lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n sì dá a nù. Ọmọkùnrin oníjíǹsì tó ní òun ni "family representative" kọ́ nìyẹn o. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sílé olórí ẹbí, kẹ́ ẹ mu omi níbẹ̀, kí lọ́yà yín kọ ìwé ẹ̀.

Ọmọ yín tó wà ní Lagos, ẹ bá mi kí i. Ìwà "tètè" yẹn, kó fi sílẹ̀ ní Berger.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi ọkùnrin ríṣẹ́ sí Yaba ní Lagos, oṣù tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kó wá gba ilé ní Mowe, pé ilé pọ̀ níbẹ̀, pé ibẹ̀ ló ń lajú. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan ní Ajah ni kó lọ. Èmi ò mọ Lagos. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kó ṣe?
— Ìyá Òṣìṣẹ́, Ìjerò-Èkìtì

Màmá, kò sí èyí tó bá Yaba mu nínú méjèèjì. Ògùn ni Mowe wà, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn, ojoojúmọ́ ni ọmọ yín á máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí ìkejì. Ajah wà lẹ́yìn Lekki, òdìkejì pátápátá. Ibi méjèèjì ń dàgbà lóòótọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kó máa lọ gbé ibẹ̀.

Lagos, ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú irin gbà ni kẹ́ ẹ máa wò báyìí. Red Line wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní October 2024, Agbado ló ti ń gbéra, ó gba Iju, Agege, Ikeja, Oshodi, Mushin, Yaba, ó parí sí Oyingbo, kìlómítà 27. Yaba wà lórí ẹ̀, ẹ rí i. Nítorí náà ilé tó bá súnmọ́ ibùdókọ̀ Iju tàbí Agbado dáa fún ọmọ yín ju ilé tó rẹwà ní ibòmíì lọ, owó ilé apá ibẹ̀ sì ṣì rọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yaba fúnra ẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ Unilag àtàwọn oníkọ̀ǹpútà ti jọ gbé owó ẹ̀ lọ sókè. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ yìí kì í kọjá ní gbogbo ìṣẹ́jú bíi dáńfó o, kó béèrè àkókò tó ń gbéra àti èyí tó kẹ́yìn lálẹ́, kó sì fi wé àkókò tí wọ́n máa ń tú u sílẹ̀ níbi iṣẹ́.

Àwọn éjẹ́ǹtì Lagos á ní kó san ọdún méjì. Òfin ilé gbígbé Lagos ti 2011 ní lánlọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ fún un ní rísíìtì. Ikoyi, Victoria Island, Ikeja GRA àti Apapa nìkan ni òfin yẹn yọ sílẹ̀, ọmọ yín ò sì lọ síbì kankan nínú wọn. Mi ò sọ pé kó lọ máa ka òfin fún lánlọ́ọ̀dù o, wọ́n á fi ilé fún ẹlòmíì. Kó kàn mọ̀ ọ́n, kó fi dúnàádúrà.

Tẹ́ ẹ bá ní ìbátan kankan ní Lagos, kó lọ sùn sọ́dọ̀ wọn fún oṣù àkọ́kọ́, kódà kó jẹ́ orí ẹní ní pálọ̀. Kó yan ọjọ́ Monday kan, kó jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kó lọ wọ reluwé yẹn ní Iju pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù dé Yaba, kó sì bá a padà nírọ̀lẹ́. Tó bá rí i pé òun lè máa ṣe é lójoojúmọ́, kó lọ sanwó ilé.